Àtẹ́ Ọbàtálá àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn Oníṣẹ̀ṣe sọ ní Ìgándò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó

     

Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pè mí, ohun tí ẹ ní kí n wá sọ ni ewé tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Màá dé ibi ewé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí i pé ẹni tó bá ń wá ewé ẹ̀jẹ̀ ríru kiri láìmọ iye tí ìfúnpá òun jẹ́, bí ẹni tó ń rú ẹbọ láìdífá ló rí. Ẹbọ wo ló ń rú? Ta ló yàn án fún un?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Láàárín ọdún méjì, mẹ́ta nínú àwọn àgbà tí wọ́n máa ń bá wa ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá ni ẹ̀gbà ti mú. Ẹ mọ̀ wọ́n, n kò ní í dárúkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, bí ó bá sun ìyẹ̀rẹ̀, ọmọdé á dákẹ́ ẹkún. Lónìí, apá rẹ̀ ọ̀tún kò ṣe é gbé, ọ̀rọ̀ kò sì já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ tó ṣubú, ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ayé ló ṣe é; àwọn kan tilẹ̀ ti ń dárúkọ aládùúgbò. N kò wá síbí láti sọ pé ayé kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú àpò rẹ̀, a bá páálí egbòogi ìfúnpá tí dókítà kọ fún un, oṣù mẹ́rin gbáko ni kò ti fọwọ́ kàn án. Ẹnìkan ló sọ fún un pé Oníṣẹ̀ṣe tòótọ́ kì í gbé oògùn òyìnbó mì. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ń rìn kiri, ara rẹ̀ le koko.

Kí wá ni à ń pè ní ìfúnpá? Ọkàn ènìyàn ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan lọ síbi gbogbo nínú ara. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ náà fi ń tẹ ògiri iṣan ni ìfúnpá. Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ máa ń gbé jáde: ti òkè ni ìgbà tí ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tó ń sinmi. Bí ti òkè kò bá tó 120, tí ti ìsàlẹ̀ kò sì tó 80, ó dára. Bí ti òkè bá ti ń dé 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ń dé 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọlé nìyẹn. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ìkìlọ̀.

Orúkọ tí a fún àrùn yìí ló ń tàn wá jẹ. Nígbà tí a bá gbọ́ "ríru", a rò pé olúwa rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára, pé orí yóò máa fọ́ ọ, àyà yóò máa já a. Rárá o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ nǹkankan lára títí ọjọ́ tí iṣan ọpọlọ yóò fi bẹ́ tàbí dí, tí ọkàn yóò fi rẹ̀, tí kíndìnrín yóò fi kọṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan àgbàlagbà tó ní àrùn yìí lágbàáyé, àwọn tí kò sì mọ̀ pé àwọn ní in fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ṣe pàtàkì. Kò sì yẹ kí a rí ẹ̀rọ náà bí ohun tó ń tàbùkù àwọn baba wa. Òyìnbó pàápàá kò ní in láyé àtijọ́: ọdún 1896 ni Scipione Riva-Rocci, ará Itálì, ṣe irú èyí tí a ń so mọ́ apá, ọdún 1905 sì ni Korotkoff, ará Rọ́ṣíà, fi kọ́ ayé bí a ṣe ń gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ohun àná ni lọ́dọ̀ gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ láàárín àwa ajàfáṣà, tí n kò fẹ́ràn. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú, pé bí a ṣe dá wa nìyẹn. Ní ọdún 1997, Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn àgbàlagbà tó lé ní 10,000, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, wọ́n wọ̀n ọ́n ní Jàmáíkà, ní St Lucia àti Barbados, wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní Maywood, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Nílé wa níhìn-ín, Ìgbò-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, wà lára ibi tí wọ́n lọ. Kí ni wọ́n rí? Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33.

Ẹ rò ó wò. Àwọn tó wà ní òkè òkun yẹn, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Nínú àwọn baba ńlá wọn ni àwọn tó gbé Òrìṣà sọdá omi wà. Bí ó bá ṣe pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà wà, iye rẹ̀ ìbá dọ́gba níbi gbogbo. Ohun tó ń yí padà láti ibì kan dé ibì kejì ni bí ara ṣe wúwo tó, iyọ̀ tó wà nínú oúnjẹ, ẹ̀fọ́ àti èso tó kù díẹ̀ káàtó, àti ìgbésí ayé tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn mọ́. Nígbà tó di ọdún 2005, Cooper tún fi àwọn aláwọ̀ dúdú wé àwọn aláwọ̀ funfun ní orílẹ̀-èdè mélòó kan. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, iye náà bẹ̀rẹ̀ láti 14 dé 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, láti 27 dé 55. Jámánì ló ga jù nínú gbogbo wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọ mọ́ pé àwọ̀ rẹ ló ń ṣe ọ́.

Ó wá kù sí ọwọ́ wa láti wo ara wa. Ìgándò tí a wà yìí kì í ṣe Ìgbò-Ọrà ayé ìgbà yẹn. Ilẹ̀ Àwórì ni, oko ló sì jẹ́ láìpẹ́ yìí. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ń jí ní aago mẹ́rin òru kí a tó lè bọ́ sí ọ̀nà Ìkọ̀tún tàbí ti Ìyànà Ìpájà kí ọkọ̀ tó há. A ó jókòó wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ní lílọ, a ó jókòó lẹ́nu iṣẹ́, a ó tún jókòó wákàtí mẹ́ta ní bíbọ̀. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ ẹ̀bà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á sì máa dún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ara tí kò sùn tó wákàtí mẹ́fà, tí kò rìn, tó ń bínú sí dírẹ́bà láàárọ̀ lálẹ́, báwo ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe rọlẹ̀? N kò lè yanjú ọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tirẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, ti rí nǹkan ṣe. Ìṣẹ́jú 150 láàárín ọjọ́ méje ni àwọn onímọ̀ ní kí a fi máa rìn kánkán. Ijó náà wọlé síbẹ̀. Bí ìlù bàtá bá ń dún ní ojúbọ, tí ẹ jókòó tí ẹ ń fi fóònù ya fídíò àwọn tó ń jó, ẹ ti fi oògùn sílẹ̀ lórí ìjókòó.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí iyọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára wa pọ̀ sí jù.

Àwa tí a ń bọ Ọbàtálá mọ àtẹ́. Bí a bá fẹ́ se oúnjẹ fún Òrìṣà Ńlá, a kì í fi iyọ̀ sí i. Ọbẹ̀ àtẹ́ là ń sè, pẹ̀lú ìgbín, pẹ̀lú òrí. Èèwọ̀ rẹ̀ ni iyọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹmu. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti mọ̀ pé oúnjẹ lè jẹ́ oúnjẹ láìsí iyọ̀, àní pé ó lè jẹ́ oúnjẹ tó yẹ fún Òrìṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kúrò níwájú ojúbọ, tí a délé, a ó da kúùbù Maggi mẹ́rin sínú ìkòkò kan, a ó tún bu iyọ̀ lé e, a ó sì sọ pé àtẹ́ ni oúnjẹ aláìsàn. N kò sọ pé kí gbogbo ayé máa jẹ àtẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan péré, nínú gbogbo ohun tó bá jẹ láti àárọ̀ di alẹ́. Iyọ̀ inú búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Ti inú kúùbù wà nínú rẹ̀, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú kúùbù. Ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń bá indomí wá wà nínú rẹ̀. Ẹ fi kún un bí ẹ bá lè fi kún un.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá wa kì í kà sí iyọ̀: kán-ún. A ń fi í sí ewédú kó lè yọ̀, a ń fi í sí ẹ̀wà kó lè tètè jinná. Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀, tó ń fa omi sínú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ru, inú kán-ún náà ló wà. Mo ti bá ìyá kan pàdé tó sọ fún mi pé ọdún kan ni òun kò ti fi iyọ̀ sẹ́nu. Kò purọ́. Kán-ún ló ń jẹ. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, yóò jinná láìsí i. Ìjábẹ̀ náà tó fún ewédú.

Irú ni kí ẹ gbé padà wá sílé. Irú tó dáa lè mú kí ìkòkò ọbẹ̀ dùn láìfi kúùbù sí i, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá ó fi iyọ̀ sí i kó má baà bàjẹ́, nítorí àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ata, àlùbọ́sà, ẹfinrin, atalẹ̀, gbogbo wọn ló wà ní ọjà Ìgándò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu yóò kọ̀ ọ́. Bí ó bá tó oṣù kan, ọbẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni yóò máa ta yín lẹ́nu bí omi òkun. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo ju òkèlè lọ: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, gbúre. Pọtásíọ̀mù inú wọn, bíi ti inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà, ń bá ara lé sódíọ̀mù jáde. Àyàfi ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní àrùn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ewé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, Franklin Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, kú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Ìfúnpá rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ 300 lórí 190. Òun ni ọkùnrin tó lágbára jù láyé nígbà náà, síbẹ̀ àwọn oníṣègùn rẹ̀ kò ní egbòogi tó lè mú un wálẹ̀ dáadáa. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel, ní Swítsàlándì, yọ ohun kan tí wọ́n pè ní reserpine láti inú gbòǹgbò igi kan tí àwọn ará India ti ń lò tipẹ́. Ó wà lára egbòogi àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ gidi fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìbátan igi yẹn ni asofẹ́yẹjẹ tiwa. Reserpine pọ̀ nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ débi pé Áfíríkà ni àwọn ilé iṣẹ́ egbòogi ti wá ń rà á. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn pé àwọn onísègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ń fi igi yìí wo wèrè.

Ó tọ́ kí inú wa dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ ibẹ̀ tán. Ohun tí àwọn baba wa rí ni pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tí ń fò sókè sódò, bí ó bá mu ún, yóò rọ̀, yóò sùn. Wèrè ni wọ́n ń fi í wò. Ìfúnpá kò tíì ní orúkọ nígbà náà. Wọ́n sì mọ̀ pé igi líle ni. Ẹni tí kò kọ́ ọ kì í wà á. Àwọn òyìnbó tí wọ́n gbà á lọ wọn iye tí ènìyàn yóò lò, wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ náà ló sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé bí ó bá pọ̀ jù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè mú ẹni tó ń lò ó, imú á dí, ara á wúwo. Lónìí, kì í ṣe òun ni dókítà kọ́kọ́ ń mú mọ́. Gbòǹgbò tí wọ́n bó ní Ẹ̀pẹ́ àti èyí tí wọ́n bó ní Ṣakí lè má lágbára kan náà. Ti igi àgbà yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́ igi. Ẹni tó bá ń fi ife dídì mu un, tó tún ń lo amlodipine, tí kò sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ìfúnpá náà lè já wálẹ̀ lójijì tí yóò fi ṣubú sí balùwẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ewé, ẹ sọ fún dókítà. Bí ẹ bá ń lo egbòogi, ẹ sọ fún onísègùn. Onísègùn tó bá ní kí ẹ ju egbòogi nù láì wọn yín, ẹ bi í léèrè ohun tó fi ń rí inú iṣan.

Ìṣápá pupa, tí ọjà ń pè ní sóbò, rọrùn ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tó mu ife rẹ̀ mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà òkè wọn wálẹ̀ ní bíi 7. Ó dára, ṣùgbọ́n 7 kò lè gbé ẹni tó wà ní 180 dé ilé. Èyí tí a fi ṣúgà àti àdùn inú ìgò pò kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ.

Páràgà ńkọ́? N kò ní í fi ọ̀rọ̀ gùn. Ọtí ni. Bí wọ́n bá rẹ gbòǹgbò ọgọ́rùn-ún sínú rẹ̀, ọtí náà ni, ọtí sì ń gbé ìfúnpá sókè. A ń ta ọtí sílẹ̀ fún Òrìṣà àti fún àwọn baba ńlá. Kò sí ibi tí a ti pa á láṣẹ pé ẹni tó ta á sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ ìyókù inú ìgò. Ẹ fi tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó tó. Àti àwọn oògùn ara ríro tí ẹ̀yin alágbàáàrù àti ẹ̀yin oníṣòwò ń gbé mì lálaalẹ́, ibuprofen, diclofenac, àwọn náà ń ti ìfúnpá sókè. Ẹ má sọ wọ́n di oúnjẹ.

Ìlànà tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí gbà kò nira. Ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, kí a tó da obì, kí a kọ́kọ́ wọn ìfúnpá gbogbo ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí a tó da obì ni mo wí, nítorí pé káféènì wà nínú obì, ó sì lè gbé nọ́ńbà sókè fúngbà díẹ̀. Kí ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn obì tàbí kọfí. Kí olúwa rẹ̀ tọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá sinmi lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Kí ó má sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú nígbà tí mo bá so ẹ̀rọ mọ́ yín lápá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Nígbà tí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe bá tún dé ní 20 oṣù kẹjọ, kí àgọ́ ìfúnpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ìlẹ̀kẹ̀.

Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má ṣe fún un ní àgbo, ẹ má sì ṣe dúró kí a tó dífá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ tó wà níhìn-ín ní Ìgándò lójú ẹsẹ̀. A lè dífá fún un nígbà tó bá wà nínú ọkọ̀. Ifá yóò gbọ́. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì dé 180 lórí 120 nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n tán, tí a tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kò wálẹ̀, kí ó má délé mọ́, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì yóò sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀rọ méjì ló wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo sì ti gbé ìwé síbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yin ìyá wa, kí àwọn ọ̀dọ́ ó tò tẹ̀lé yín. Obì tó wà nínú àwo yẹn, kí ó ṣì wà níbẹ̀ ná. Àbọrú, àbọyè.